Òṣùwọ̀n Ọparun àti Ẹ̀tù Àjèjì

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, ní abúlé kan tí ó fẹ̀yìn ti àpáta ńlá. Ní àsìkò ọyẹ́, ìkùukùu máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta náà ní òwúrọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń tẹ́ aṣọ funfun sórí àwọn ilé, títí oòrùn yóò fi wá ká a kúrò. Nínú ìkùukùu bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè gbọ́ ikọ́ aládùúgbò rẹ̀ láì rí ilé rẹ̀. Adìẹ á kàn yọ lójijì lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹni, á sì tún wọ inú funfun lọ.

Ọdẹ náà kì í ṣe ọdẹ ńlá. Kò pa erin rí, kò sì sí ẹni tí ó ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ni pé ìbọn rẹ̀ kì í yí ohùn padà. Ìbọn àwọn ọdẹ yòókù, lónìí á bú ramúramù, lọ́la á kàn tú itọ́ bí ọmọ ọwọ́. Tirẹ̀ a máa dún bákan náà lójoojúmọ́, ohùn kan tí kò pariwo, bí ìgbà tí ènìyàn bá ti ilẹ̀kùn pákó tí ó nípọn. Bí ó bá dún láti inú igbó, ìyàwó rẹ̀ tí ó ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi ọsàn kò ní gbé ojú sókè. Á kàn sọ pé, “Ó ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀,” á sì dìde lọ gbé omi kaná.

Òṣùwọ̀n kan ni ó fà á. Ní abúlé yẹn, bí ọmọṣẹ́ ọdẹ bá parí ẹ̀kọ́, ọ̀gá rẹ̀ kì í fún un ní ìbọn. Bàbá ọmọ ni ó ń wá ìyẹn. Ọparun ni ọ̀gá ń fún un. Ọ̀gá á gé ọparun tín-ín-rín kan, á fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, á sọ ọ́ di ife kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ, èyí tí ọmọṣẹ́ náà yóò máa fi bu ẹ̀tù sínú ìbọn rẹ̀ títí ọjọ́ ayé. Ọmọṣẹ́ á wá fi ahọ́n kan irin, á búra pé òun kò ní bu ẹ̀tù tí kò kún òṣùwọ̀n náà, òun kò sì ní bu èyí tí yóò ga ju ètè rẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá bá kú lẹ́yìn náà, òṣùwọ̀n yẹn ni ó kù nínú rẹ̀. Àwọn kan a máa so ó mọ́ ọrùn.

Ti ọkùnrin yìí ti dúdú, ó ń dán bí èkùrọ́. Ètè rẹ̀ kan ti jẹ díẹ̀, níbi tí ìka rẹ̀ ti ń gé àṣẹ́kù ẹ̀tù kúrò lórí rẹ̀ láti ọdún wá. Bí ó bá sì bu ẹ̀tù kún un tán, kí ó tó dà á sínú ìbọn, a máa sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ọ̀gá, ó kún.” Ọ̀gá náà ti kú tipẹ́.

Ní ọdún kan, ẹ̀tù wọ́n. Obìnrin tí ó máa ń tà á ní ọjà sọ pé àwọn tí ń gún un kò rí èròjà mọ́. Ẹlòmíràn sọ pé ìjọba ni ó gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹnì kan sọ pé afárá ni ó já. Ohunkóhun tí ì báà jẹ́, agolo obìnrin náà ṣófo, ó sì ti ń ta iyọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọdẹ gbé ìbọn kọ́ ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó síwájú ilé Olúọ́dẹ, ọwọ́ wọn á sì dàbí ẹni pé ó ń wá nǹkan.

“Mo fi ìbọn mi ká ìbẹ́pẹ lánàá,” ọ̀kan nínú wọn wí.

“Ìwọ tiẹ̀ rí tìrẹ lò,” èkejì dá a lóhùn. “Ìyàwó mi ti ń sá aṣọ sórí tèmi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà oko.

Àwọn ẹranko mọ̀. Èyí tí ó kọ́kọ́ mọ̀ ni túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó, tí irun rẹ̀ pọ́n bí amọ̀, tí imú rẹ̀ sì le ju ọkọ́ lọ. Tẹ́lẹ̀, ojú ẹsẹ̀ wọn nìkan ni àgbẹ̀ máa ń bá lóko. Ní ọdún yẹn, àwọn túùkú fúnra wọn ni àgbẹ̀ ń bá. Wọn kì í sáré mọ́. Wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á wo ènìyàn, wọ́n á sì padà sídìí oúnjẹ wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹ̀yìn ha ara mọ́ igi tí wọ́n wọ aṣọ fún láti fi dẹ́rù ba ẹyẹ. Ó ha á, ó ha á, títí fìlà igi náà fi bọ́, ó sì tẹ fìlà náà mọ́lẹ̀ kọjá lọ.

Oko tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kì í ṣe ti ọdẹ náà. Ti ìyàwó rẹ̀ ni. Irú iṣu kan wà níbẹ̀ tí kò sí lóko ẹlòmíràn ní abúlé náà, nítorí láti ilé ìyá rẹ̀ ni ó ti gbé e wá nígbà tí ó wọlé ọkọ. Ìyá náà ti kú, ìlú náà sì jìnnà. Wọ́n ti wa àkọ́wà iṣu náà jẹ. Èyí tí ó kù nínú ebè ni èbù, àwọn kéékèèké tí wọn yóò gbìn bí òjò bá dé. Bí túùkú bá jẹ iṣu ẹni, ebi ọdún kan ni. Bí ó bá jẹ èbù ẹni, ó ti jẹ ọdún tí ń bọ̀ àti èyí tí yóò tẹ̀lé e. Ní àràárọ̀ sì ni obìnrin náà ń bá ebè mìíràn tí wọ́n ti tú.

Ní ọjọ́ kan ó ti oko dé, ó gbé èbù kékeré kan sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. Ojú eyín wà lára rẹ̀.

“Bàbá Àyọ̀ká, ẹ wò ó.”

“Mo rí i.”

“Nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ni ọdẹ?”

“Ìyá Àyọ̀ká, ẹ̀tù ni kò sí.”

“Ẹ̀tù ò sí. Túùkú náà mọ̀ pé kò sí. Ó ń jẹun lóko mi bí ẹni pé òun ló san owó orí mi.”

Ọkọ dìde. Ó wọlé, ó yọ ìdérí kúrò lórí ìwo tí ó ń kó ẹ̀tù sí, ó sì gbọ̀n ọ́n sínú òṣùwọ̀n. Kò ju ìdajì lọ. Ìbúra kò gba ìdajì. Ó dà á padà, ó dé e.

Ó mú àdá, ó mú ajá rẹ̀, ó mú ìkòkò irin tí ó ti lu, ó lọ ń lù ú kiri inú oko. Àwọn túùkú kúrò ní apá òkè, wọ́n lọ sí apá ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti padà sókè. Ajá náà rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sáàárín ebè méjì, ó sì sùn lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní àbúrò ọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì àpáta, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún ọ̀nà ọkọ̀. Nígbà mìíràn, ní ọ̀sán, wọ́n máa ń gbọ́ ìdún láti ọ̀hún, àwọn àwo á sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. Àbúrò náà wá kí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

“Bùrọ̀dá, wọ́n ní túùkú ti di láńlọ́ọ̀dù lóko ẹ̀gbọ́n mi.”

“Jókòó, aláìníṣẹ́.”

Ó yọ agolo mílíìkì kan tí wọ́n fi ọ̀rá so lẹ́nu láti inú àpò rẹ̀. “Mo bá yín mú èyí wá. Ẹ̀tù ni, àmọ́ kì í ṣe irú tiyín. Òkúta ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án o. Ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀gá wa bí ó bá tiẹ̀ ṣeé kì sínú ìbọn. Kò sí níbi iṣẹ́ nígbà tí mo ń bọ̀ ni. Tó bá di ọjọ́ ọjà, mo ti padà dé.”

“O ṣeun,” ni ọdẹ wí.

“Bùrọ̀dá, ẹ gbọ́ mi ṣá?”

“Mo ní o ṣeun.”

Nígbà tí àbúrò lọ tán, ọdẹ tú ọ̀rá náà. Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀tù tí ó mọ̀ máa ń ṣú, ó máa ń wọ inú ìlà ọwọ́, òórùn rẹ̀ sì dàbí ti ògiri tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Èyí ń dán. Ó dàbí ẹni pé ó ní ojú wẹ́wẹ́ púpọ̀, ojú náà sì ń wò ó. Kò wọ inú ìlà ọwọ́ rẹ̀. Ó ń yí kiri lórí awọ bí hóró nǹkan ọ̀gbìn. Ó fi díẹ̀ sórí òkúta, ó na ẹyin iná sí i. Kí ó tó fa ọwọ́ padà, kò sí nǹkan kan lórí òkúta mọ́. Ajá rẹ̀ sín.

“Ẹ̀tù ni,” ni ó wí.

Òótọ́ ni. Ìbéèrè tí ó bi í nìyẹn, ìdáhùn tí ó sì gbà nìyẹn. Kò bi í ní ìkejì.

Ó gbé agolo náà sórí àjà, ó sì fẹ́ dúró de ọjọ́ ọjà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, kí ẹ má baà pè é ní òmùgọ̀. Ó dúró. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ sùn lọ díẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, ọ̀bẹ tí ó fi ń bó ẹ̀gẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èèrà kan ń gun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ láti gbọn èèrà náà dànù, ó sì gbọ́ tí obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ìyá rẹ̀ ni ó ń pè. Ó ń sọ fún un pé, “Ìyá mi, mi ò tíì pàdánù ẹ̀. Ó kù díẹ̀.”

Ọkọ gbọn èèrà náà dànù. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé agolo sọ̀ kalẹ̀.

Ó rántí ohun tí àna rẹ̀ sọ, pé kì í ṣe irú tiwọn. Ó ronú pé òun lè bu díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá bu díẹ̀, òun ti ba ìbúra jẹ́, òun ti fi ọwọ́ òsì júwe ilé ọ̀gá òun. Ọ̀gá kò ṣi òun lọ́nà rí. Nínú gbogbo ohun tí ó ti yí padà láyé, ọparun yìí kò yí padà. Ta wá ni òun yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu, ọ̀gá tí ó kọ́ òun, tàbí ọmọdé tí ó ń fọ́ òkúta?

Ó bu ẹ̀tù kún òṣùwọ̀n náà dé ètè. Ó fi ìka gé orí rẹ̀. “Ọ̀gá, ó kún,” ni ó wí. Ó kíyè sí i pé ó wúwo lọ́wọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ díẹ̀. Ó kíyè sí i, ó sì gbàgbé. Ó dà á sínú ọ̀pá ìbọn, ó fi ìhá ẹyìn dí i, ó gún un, ó kó ọta lé e.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìkùukùu pọ̀ débi pé igi ọsàn kò ní ẹsẹ̀. Ó kàn léfòó lójú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú èso rẹ̀. Ọdẹ rìn kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó gba ọ̀nà oko, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ebè kan. Kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń jẹ èbù pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí àwọn àgbà tí ń jẹ obì tí wọn kò sì kánjú àtisọ̀rọ̀. Ìrì ń kán láti orí ewé. Ó dàbí ẹni pé òun ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ rí, ní òwúrọ̀ kan náà, nínú funfun kan náà, àti pé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán.

Ìkùukùu là. Túùkú ńlá kan dúró níwájú rẹ̀, omi ìrì sára irun rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ewé iṣu kan lẹ̀ mọ́ imú rẹ̀. Ó ń wo ọdẹ. Ọdẹ náà gbé ìbọn, ó wò ó, ó sì fà á.

Ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ iná nílé. Ohun tí ó gbọ́ kì í ṣe ilẹ̀kùn tí ẹnì kan tì. Ó dàbí ilé tí ó wó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti wọlé ọkọ, ó gbé ojú sókè. Abẹ̀bẹ̀ bọ́ sínú iná. Ó sáré jáde láì wé gèlè, ó wọ inú ìkùukùu, kò rí ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ wá a.

“Bàbá Àyọ̀ká! Ẹ dá mi lóhùn! Bàbá Àyọ̀ká, ẹ jọ̀ọ́!”

Ajá ni ó kọ́kọ́ yọ sí i. Ó tẹ̀lé ajá. Ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tí ó ti jókòó, ó fẹ̀yìn ti ebè, ojú rẹ̀ là. Ọ̀pá ìbọn náà ti ya sọ́nà mẹ́ta bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bó. Èéfín kò lọ sókè. Ó dùbúlẹ̀ sínú ìkùukùu, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ èéfín. Ọwọ́ òsì rẹ̀, tí ó fi gbá ìbọn mú, kì í ṣe ohun tí mo lè júwe fún yín. Obìnrin náà tú ìró rẹ̀, ó fi wé e. Ó ń pariwo sí ọkọ létí, ṣùgbọ́n ọkọ kò gbọ́. Ó ń wo orí ebè tí ó wà níwájú, ẹnu rẹ̀ sì ń mì.

Ọ̀gá rẹ̀ ni ó rí tí ó jókòó sórí ebè náà. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbẹ́ ọparun, fáfá rẹ̀ ń bọ́ sórí itan rẹ̀, funfun, láì dún.

“Ọ̀gá,” ni ọdẹ wí, “mo bù ú kún dé ètè.”

“Mo rí i.”

“Mi ò dín in. Mi ò jẹ́ kó ga jù.”

“Mo rí i.” Ọ̀gá kò dáwọ́ dúró. “Lọ́jọ́ tí mo gé tìrẹ fún ọ, báwo ni mo ṣe gé e?”

Ọdẹ náà rántí. Gbogbo ọjọ́ náà ni ọ̀gá fi gé ọparun kan. Yóò gé e, yóò bu ẹ̀tù díẹ̀, yóò so ìbọn mọ́ igi, yóò bọ́ sẹ́yìn òkúta, yóò fi okùn fà á láti ọ̀nà jíjìn. Yóò wá rìn lọ síbẹ̀, yóò gbóòórùn ẹnu ìbọn, yóò fọwọ́ pa ọ̀pá rẹ̀, yóò mi orí. Yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ó rántí pé ebi ń pa òun nígbà náà, pé òun ti ṣíwọ́ wíwò ó, pé alángbá kan tí ìrù rẹ̀ gé ni òun ń wò lára igi.

“Ẹ gé e, ẹ tún un gé,” ni ó dáhùn.

“Kí ni mò ń wò tí mo fi ń tún un gé?”

“Ẹ̀tù ni, ọ̀gá.”

“Ẹ̀tù ni.” Ọ̀gá gbọn fáfá kúrò lórí itan rẹ̀. “Ojú ni mo fún ọ. O mú ọparun, o fi ojú sílẹ̀ síbẹ̀.” Ìkùukùu sì bò ó, láti ẹsẹ̀ lọ sókè.

Àwọn ará abúlé gbé ọdẹ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú. Ilé rẹ̀ ṣófo. Ọjọ́ ọjà pé, àbúrò ìyàwó rẹ̀ dé gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣèlérí, ó sì ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti dá a lóhùn. Ó ní ẹ̀tù òkúta kò gbọdọ̀ wọ inú ìbọn láé, ì báà jẹ́ èyí tí ó pọ̀ tàbí èyí tí ó kéré. Ó ní kò ní òṣùwọ̀n níbẹ̀ rárá. Ọmọkùnrin náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kò sì rí ẹni tí yóò jẹ́ ẹ fún. Nígbà tí aládùúgbò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì sáré gba ọ̀nà ìlú lọ ní ẹsẹ̀ lásán. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdí tí ó fi bọ́ ọ.

Ọdẹ náà kò kú. Ó padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ kan àti àtàǹpàkò èkejì, etí rẹ̀ kan kò sì gbọ́ nǹkan mọ́. Àwọn túùkú kò padà wá ní ọdún yẹn. Ìdún náà ti lé wọn kọjá odò. Èyí tí ó kù nínú èbù náà yè. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, obìnrin náà nìkan ni ó kọ ebè, ọkọ rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ kan sọ èbù sínú ihò. Ẹni tí ó fẹ́ gba èbù là kò lè kọ ebè fún un mọ́.

Ìyàwó na ẹ̀yìn, ó fi ọkọ́ ti ara. “Èbù ni mo ní kí ẹ bá mi gbà,” ni ó wí. “Ta ló ní kí ẹ fi ọwọ́ pààrọ̀ ẹ̀?”

“Kí lo wí?” Etí tí kò gbọ́ràn ni ó kọ sí i.

“Mo ní ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ yájú!”

“Àá! Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ ti rọ̀.”

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ebè, lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tí ó kún fún erùpẹ̀ nu ojú rẹ̀, erùpẹ̀ náà sì ṣe ìlà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọdẹ jókòó láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, àwọn kan fẹ́ kí wọ́n fòpin sí àṣà ọparun pátápátá. Wọ́n ní ọparun ni ó jẹ ọwọ́ ọkùnrin náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n fi àṣà sílẹ̀ bí ó ti wà, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ ni kí ó máa gé ọparun náà, kí ọ̀gá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó máa wo bí ọmọṣẹ́ ṣe ń wò. Bí oòrùn bá wọ̀ tí kò tíì rí i gé, kí ó padà wá lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ fetí sí mi dé ibí yìí, mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọdẹ. Ẹ ní ọmọ nílé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ náà ju ẹnu mi lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ máa ń sọ pé bí bàbá yín ṣe tọ́ yín nìyẹn, tí ẹ sì di ènìyàn. Bàbá yín ní òṣùwọ̀n ọ̀rọ̀ líle tí ó ń bù fún yín, ẹ gbà á mọ́ra, kò fọ́ yín. Ẹ wá bu irú rẹ̀ fún àkọ́bí yín. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé garawa, ó lọ pọnmi. Ẹ tún bu ìwọ̀n kan náà, kò dín, kò lé, fún àbúrò rẹ̀. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó ti dàgbà báyìí, ó wà nílùú mìíràn, ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún, kò sì wá. Ẹ ń bi ara yín pé kí ni ẹ ṣe fún un tí ẹ kò ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ kò ṣe nǹkan mìíràn. Ohun kan náà ni ẹ ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ ni àwọn méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n, wọ́n sì jọra lójú. Ẹ kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá yín tí ẹ ń fi ṣe àpẹẹrẹ, bóyá ó ti wò yín fún ọjọ́ pípẹ́ kí ó tó mọ ohun tí ẹ lè gbé. Ẹ̀yin ń wo nǹkan mìíràn nígbà náà. Ọmọdé ni yín.

Ó ṣẹ́ ku èyí tí ó kéré jù, èyí tí ó ń dákẹ́ bí ẹ bá wọlé, tí ó ń fi ìka ẹsẹ̀ ya ilẹ̀ bí ẹ bá ń pe orúkọ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá délé lónìí tí ẹ sì bá àwo tí ó fọ́, ẹ pa ẹnu mọ́ ná. Ẹ wá àpótí, ẹ jókòó tì í. Ẹ wo ojú rẹ̀ títí yóò fi gbé e sókè wò yín. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ fi mọ iye ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sọ. Bí ẹ kò bá sì rí i kà, ẹ bá a ṣa àwo náà.